Kámẹ́rà Aṣọ́lé Tó Ń Wá Tó Ń Lọ Lórí Wi-Fi Ilé

Kámẹ́rà aṣọ́lé tí kò ní wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbára lé nǹkan mẹ́ta: iná tó ń wọ inú rẹ̀, Wi-Fi ilé, àti dátà tó ń gbé àwòrán lọ sórí fóònù onílé. Èyí tó wù kó yẹ̀ nínú wọn, ohun kan náà ni áàpù máa ń kọ: “offline”. Ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ kámẹ́rà tó dá ṣáká nù nìyẹn, tí wọ́n á lọ ra òmíràn, tí òmíràn náà á sì tún máa ṣe bí ti àkọ́kọ́.

Nínú ilé ńlá, ráútà kan kì í kárí, mesh ni wọ́n sì ń lò níbẹ̀: ẹ̀rọ Wi-Fi méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, yálà láti inú síìmù 4G tàbí láti ara àwo Starlink tó dé Nàìjíríà ní 2023, ni ìyá. Àwọn ọmọ wà káàkiri ilé, wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ìyá, wọ́n sì ń pín in síwájú.

Ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kó ṣáájú. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí NEPA ṣe ń mú un ni wọ́n ń dá a padà (orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé IBEDC ló ń pín iná báyìí). Inverter tí wọ́n so mọ́ pálọ̀ àti yàrá nìkan ló wà nílé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìyá ráútà wà ní pálọ̀, kò kú. Ọmọ tó wà ní bọ́ìsì-kọ́tà kú fin-ín, kámẹ́rà géètì sì bá a lọ. Onílé wo fóònù rẹ̀ ní pálọ̀, Wi-Fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó wá di ẹ̀bi ru kámẹ́rà. Bí kámẹ́rà bá ń lọ ní gbogbo ìgbà tí NEPA bá ti mú iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ń jẹ iná lára rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún ráútà tó láti yanjú rẹ̀.

Bí iná bá padà dé, kámẹ́rà lè tètè jí ju ráútà lọ. Á wá Wi-Fi, kò ní rí i. Òmíràn á máa wá a títí, òmíràn á jáwọ́, òmíràn á sì lẹ̀ mọ́ ọmọ àkọ́kọ́ tó bá jí, ì báà jẹ́ èyí tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́hùn-ún. Fóònù ń bá olówó rẹ̀ rìn káàkiri, ìdí nìyẹn tó fi ń yí láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan sí èkejì. Kámẹ́rà kì í rìn, nítorí náà ó lè wà lára ọmọ tó jìnnà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí àwòrán rẹ̀ máa gán. Kí gbogbo ẹ̀rọ mesh kọ́kọ́ jí tán, kí wọ́n tó yọ iná kámẹ́rà, kí wọ́n sì dá a padà. Àwọn mesh kan tún gbà kí onílé so kámẹ́rà mọ́ ọmọ kan pàtó látinú áàpù.

Àìsàn kan wà tó jẹ́ ti alẹ́ nìkan: kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ṣú, ó lọ. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ á gbọ́ “kẹ́” kékeré kan bó ṣe ń bọ́ sí ìríran òru. Àwọn gílóòbù inú rẹ̀ tí ojú èèyàn kì í sábà rí ìmọ́lẹ̀ wọn á tàn, wọ́n á sì béèrè fún iná púpọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ wáyà tín-ínrín ni wọ́n fà láti inú ilé dé orí fẹ́ǹsì, iná tó ń dé ibẹ̀ kò ní tó, kámẹ́rà á máa kú, á máa jí. Kí wọ́n gbé e wọnú yàrá tó ṣókùnkùn, kí wọ́n fi wáyà kúkúrú sí i. Bí kò bá kú níbẹ̀, wáyà ló jẹ̀bi. Èyí tó nípọn ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé ṣájà sún mọ́ kámẹ́rà.

Lẹ́yìn iná ni ògiri. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ní Òkè-Àgbò tàbí Àtìkòrì ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ògiri tó nípọn. Àwọn ilé tuntun ní dẹ́kìn, ilẹ̀kùn irin àti bọ́gúlárì. Irin ń dá Wi-Fi padà, ewé igi tí òjò pa sì ń fà á mu. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á gbé ọmọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ géètì gan-an kí ó lè sún mọ́ kámẹ́rà. Fóònù tí wọ́n bá gbé débẹ̀ á fi ìlà Wi-Fi kún dẹ́múdẹ́mú, àwòrán á sì tún máa gán. Ìlà yẹn kò sọ ju bí fóònù ṣe sún mọ́ ọmọ lọ; kò sọ bóyá ọmọ ń gbọ́ ìyá. Agbede méjì ni ààyè ọmọ. Bí áàpù bá ń fi agbára Wi-Fi hàn, nǹkan bí −60 dára. Bó bá ti kọjá −70 sí ìhà −80, ìjà ti dé. Bí ọmọ bá tún ń gbà lọ́wọ́ ọmọ mìíràn, ìyára sábà máa ń dín ní ìlàjì. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ara ìyá dé ara ọmọ, tó lè gùn tó mítà 100, ló dára ju gbogbo ètò yìí lọ, bí onílé bá lè fara da kí wọ́n lu ògiri.

Kámẹ́rà tó kọ̀ láti wọlé rárá lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ní ọ̀ràn tirẹ̀. Wi-Fi ti 2.4 GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí kò wọ́n ń gbọ́, orí ti 5 GHz sì ni fóònù tí wọ́n fi ń tò ó wà. Kí wọ́n pa 5 GHz fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì yí ààbò Wi-Fi láti WPA3 sí WPA2. Àmọ́ ojú ọ̀nà 2.4 há. Láti ìgbà tí yunifásítì ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, èyí tó ń jẹ́ Ọlábísí Ọnàbánjọ lónìí, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, MiFi tàbí hotspot sì lè wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìkànnì mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni kì í gun ara wọn. Áàpù tó ń wo Wi-Fi àdúgbò á fi èyí tí èrò kò pọ̀ sí hàn.

Dátà ló kù. Kámẹ́rà tó ń fi mẹ́gábíìtì kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru, á jẹ bíi GB 10.8 lójúmọ́, mẹ́rin irú rẹ̀ á jẹ tó GB 43. Mẹ́mọ́rì káàdì ni kí ó máa kọ àwòrán sí, kí ó fi ránṣẹ́ kìkì nígbà tí nǹkan bá mira. Ní Ogun Waterside, láti Àbígí dé Ìwópin létí ọ̀sà, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá lágbára, ojú fèrèsé òkè tó kọjú sí ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí wọ́n gbé ìyá ráútà sí. Ọ̀rinrin ibẹ̀ náà ń ba ẹnu wáyà jẹ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti ń ṣe àwọ̀ ewé, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi téèpù dì í.

Bí gbogbo èyí kò bá rí i mú, kí wọ́n má tíì tẹ reset, tó ń pa gbogbo ètò rẹ́. Kí wọ́n gbé kámẹ́rà tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ sí ààyè èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́ wá sí ààyè tirẹ̀. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé kámẹ́rà, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tẹ reset, bí kò bá sì gbọ́, kí wọ́n ra òmíràn. Bó bá dúró sí ààyè tó wà, kí wọ́n padà sórí wáyà àti ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.