Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà Lójú Pópó Bìrìtéènì

Òfin ìrìnnà Bìrìtéènì gba ọmọ Nàìjíríà tó kó wá síbẹ̀ láyè láti fi láísẹ́ǹsì ilé wakọ̀ fún oṣù 12. Ọjọ́ tó di olùgbé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á. Bí oṣù náà bá ti pé, ìwé yẹn kò já mọ́ nǹkan kan mọ́ lójú òfin. Ẹni tó ti ń wakọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó fún ogún ọdún yóò tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́: yóò gba láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní provisional, yóò lẹ àmì L pupa mọ́ ọkọ̀ tó fowó ara rẹ̀ rà, kò sì gbọdọ̀ dá a wà títí yóò fi yege ìdánwò ìwé àti ti ojú pópó.

Ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò le tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Àjọ DVLA tó wà ní Swansea kì í béèrè ìlú tí èèyàn ti wá kó tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú V5C, ìwé tí wọ́n ń pè ní log book. Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ará wa ti máa ń yọ̀ ni owó orí ọkọ̀. Nílé, ẹni tó bá ra àlòkù sábà máa ń lo pátíkúlà, ìyẹn ìwé ọkọ̀, tó bá lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Ní Bìrìtéènì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2014, owó orí kì í bá ọkọ̀ dé ọwọ́ ẹlòmíì mọ́. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ san tirẹ̀ kó tó wà á lọ sílé. Ìnṣọ́ránsì ló wá ń gbọ́n àpò gbẹ. Iye ọdún tí èèyàn ti fi ní láísẹ́ǹsì Bìrìtéènì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń béèrè, ọdún tó fi wakọ̀ nílé kì í sábà wọ inú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n bá mú tó ń wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì yóò san £300, yóò gba àmì ìjìyà mẹ́fà, ọlọ́pàá sì lè gba ọkọ̀ náà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òfin oṣù 12 yìí ta ko ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ààbò ló ń lé, àwọn oṣù àkọ́kọ́ ló yẹ kó bẹ̀rù. Ọwọ́ ọ̀tún ni Nàìjíríà ń wà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni Bìrìtéènì ń wà. Nígbà tí àlejò kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ráńdàbáòtù, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá jíà lápá ọ̀tún, òfin ní kó máa lọ. Nígbà tó fi ọdún kan gbáko mọ ọ̀nà tán, òfin ní kó sọ̀kalẹ̀.

Àwọn kan á ní ìyàtọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí gan-an ló fa ìdánwò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ará Kánádà, Switzerland àti South Korea lè pààrọ̀ láísẹ́ǹsì wọn sí ti Bìrìtéènì láìṣe ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà. Gúúsù Áfíríkà àti Zimbabwe náà wà lára àwọn tí wọ́n gbà fún, nítorí náà kì í ṣe torí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe yọ wá sílẹ̀. Àtakò tó wúwo ni pé ọ̀pọ̀ ló gba láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà láìsí ẹni tó wo bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Òótọ́ ni, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìka ọwọ́ àti fọ́tò tí wọ́n ń gbà fún láísẹ́ǹsì wa ni a fi ń dá ẹni tó ni ìwé mọ̀. Wọn kò lè sọ bóyá ó mọ ọkọ̀ wà. FRSC, àjọ tó ń ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà, àti àwọn VIO, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní ìpínlẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ìdánwò di ohun tí a kò lè fowó rà, kí ìjọba wa tó lè lọ bèèrè àyè nínú àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ní ti Bìrìtéènì, mo fara mọ́ ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó wakọ̀ fún ọdún kan láìsí ẹ̀sùn yẹ kó lè máa wà á nìṣó títí ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ yóò fi kò, nítorí ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn èèyàn fi ń retí ọjọ́ náà.

Títí Bìrìtéènì yóò fi tún òfin yìí ṣe, ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ gba provisional ní oṣù àkọ́kọ́. Gbígbà rẹ̀ kò dí yín lọ́wọ́ láti máa lo láísẹ́ǹsì Nàìjíríà títí oṣù 12 yóò fi pé. £34 ni provisional náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdánwò ìwé jẹ́ £23, ti ojú pópó sì jẹ́ £62 láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má dúró de oṣù kọkànlá.