Ẹ̀gbẹ́ là ń fẹsẹ̀ tì lórí yìnyín, kì í ṣe ẹ̀yìn

Jarome Adékúnlé Iginla, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ni wọ́n bí sí ìlú Edmonton ní Kánádà lọ́dún 1977. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì nínú họ́kì orí yìnyín lọ́dún 2002 àti 2010. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ tọ ipa yìí gbọ́dọ̀ mọ ohun kan.

Ẹni tó ń gun òkè Olósùnta n'Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ẹ̀yìn ló ń fẹsẹ̀ tì, nítorí pé àpáta ń dá ẹsẹ̀ dúró. Yìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ bàtà máa ń yọ̀ bí a bá tì í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí a bá tì í sí ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ yóò wọ yìnyín lára. Ọmọ tó bá ń sáré bíi ti orí ilẹ̀ yóò kàn dára rẹ̀ lágara ni.

Kí orúnkún ọmọ tẹ̀ dáadáa, kí ó ti yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ títí ẹsẹ̀ yóò fi nà tán, kí ó sì dá a padà sábẹ́ ara kí ẹsẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò rí yìnyín rí pàápàá lè máa fò sọ́tùn-ún sósì lórí pápá láti fi kọ́ ọ. Kí ìgbésẹ̀ kọ́kọ́ gún ná; eré á yá tó bá yá.