Àpò Duty Free: Ẹ Má Ṣí I Kí Ẹ Tó Délé

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tó ń ṣòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ọ́fíìsì wa tomijé-tomijé. Wọ́n ti lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n ra ìgò wisikí mẹ́ta àti ìpara olóòórùn dídùn ńláńlá mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù duty free, pé àwọn yóò tà á tí àwọn bá délé. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti fa àpò tí wọ́n bá wọn kó ọjà náà sí ya, kí wọ́n lè fi há inú báàgì ọwọ́ wọn. Ní ìlú tí wọ́n ti fẹ́ wọ ọkọ̀ kejì, àwọn ẹ̀ṣọ́ kó gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí.

Apá kan owó yìí jẹ́ ẹ̀yáwó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Apá kan jẹ́ owó tí àwọn oníbàárà ti san sílẹ̀ de ọjà. Ohun tí wọ́n sì ń tẹnu mọ́ ni pé, “Ṣebí inú pápá ọkọ̀ òfuurufú náà ni wọ́n ti tà á fún mi? Kí ló dé tí wọ́n tún fi gbà á?” A kò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. A lọ wádìí, ohun tí a rí la fẹ́ bá yín sọ yìí, àwọn fúnra wọn ló sì ní kí a kọ ọ́.

Owó ibodè kì í ṣe àjèjì fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Àwọn baba wa ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kó ọjà kọjá láàárín Èkó àti ilẹ̀ òkè, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n dí àti owó ibodè yìí sì wà lára ohun tó fa ogun Ìmàgbọn ní 1892. Ìjọba òde òní náà ń gbà á. Ọtí, sìgá àti lọ́fíńdà wà lára ọjà tí owó náà máa ń wúwo lórí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà ti dà bí ẹni tó ti jáde nílùú. Ohun tó bá rà níbẹ̀, ibòmíràn ni yóò ti lò ó, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bu owó ibodè lé e. Shannon ní ilẹ̀ Ireland ni irú ṣọ́ọ̀bù yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń la òkun lọ sí Amẹ́ríkà ti máa ń dúró gba epo. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dínwó o! A ti rí lọ́fíńdà níbẹ̀ tó wọ́n ju ti Balógun lọ.

Títí di 2006, kò sí ẹni tó ń bi èrò ọkọ̀ òfuurufú léèrè omi. Ní ọjọ́ 10 oṣù August ọdún náà ni ọlọ́pàá ilẹ̀ Britain mú àwọn kan tí wọ́n ń gbèrò láti rọ bọ́ǹbù olómi sínú ìgò mínírà, kí wọ́n fi já àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà lulẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó di dandan kí ìyá ọmọ tọ́ mílíìkì ọmọ rẹ̀ wò lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ó tó gbé e wọlé. Nígbà tó di November 2006, òfin tí gbogbo ayé wá mọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù: ohun olómi tí èèyàn bá mú dání kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ìgò náà sì wọ inú ọ̀rá kan ṣoṣo tí a lè rí inú rẹ̀, tí kò ju lítà 1 lọ. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ìgò ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ohun tó kù nínú rẹ̀. Ìgò mílílítà 200 tó ku ìdajì, wọ́n á gbà á. Oògùn àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n máa ń yọ sílẹ̀, ẹ ó sì fi hàn wọ́n.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009, ọmọ Nàìjíríà kan, Umar Farouk Abdulmutallab, tó gba Èkó dé Amsterdam, gbìyànjú láti dáná sí bọ́ǹbù tó wà nínú ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sún mọ́ Detroit. Ní January 2010, Amẹ́ríkà ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n ní kí a máa yẹ èrò wọn wò délẹ̀délẹ̀, ó sì tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó yí i padà. Ẹnì kan ló ṣẹ̀, gbogbo wa la jọ jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ṣọ́ọ̀bù duty free wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti yẹ ẹrù wò, nítorí náà ẹni tó bá rà lítà ọtí níbẹ̀ lè gbé e wọ ọkọ̀ láìsí wàhálà. Bí ọkọ̀ náà bá gbé e délé tààrà, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá máa sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn lọ́nà, wọ́n lè tún yẹ ẹrù ọwọ́ rẹ̀ wò, àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì mọ ibi tí ó ti rà á. Àpò yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Wọ́n á lẹ ẹnu rẹ̀ pa lọ́nà tó jẹ́ pé bí a bá ṣí i báyìí, yóò hàn, rìsíìtì yóò sì wà nínú rẹ̀ níbi tí ojú ti lè rí i. Ní Amẹ́ríkà, rìsíìtì náà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ. Tí ẹ bá ti já àpò yìí pẹ́nrẹ́n, ìgò yín ti di ìgò tí ẹnikẹ́ni lè ti rọ ohun tó wù ú sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa nìyẹn.

Ẹni tó bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, tó máa tún wọ ọkọ̀ mìíràn nínú ilẹ̀ wọn, ọ̀nà àbáyọ wà. Ìlú àkọ́kọ́ tó bá ti sọ̀ ni yóò ti gba àpótí ńlá rẹ̀ kí ó tó dá a padà fún wọn. Kí ó yáa kó ìgò náà sínú àpótí yẹn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan á ní wọ́n ti pa òfin mílílítà 100 rẹ́. Lóòótọ́, láti July 2025, Edinburgh àti Birmingham ní ẹ̀rọ tuntun tó jẹ́ kí wọ́n gba ìgò tó tó lítà 2. Ṣùgbọ́n pápá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, èyí tó le jù lójú ọ̀nà yín ni kí ẹ múra dè.

Nípa ẹrù tiwa tí a ń gbé lọ, epo pupa, oyin, ọbẹ̀ ata, òrí àti ọṣẹ dúdú tó rọ̀, omi ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Àpótí ńlá ni kí ẹ dì wọ́n sí. Ẹ̀yin ará etí odò tó ń fẹ́ gbé ògógóró fún ọmọ: ọtí tó bá le ju ìdá 70 nínú 100 lọ kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ rárá, ìbáà ṣe nínú àpótí. Èyí tó wà láàárín ìdá 24 sí 70 kò gbọdọ̀ ju lítà 5 lọ fún ẹnì kan, kí ó sì wà nínú ìgò tí ilé iṣẹ́ dé pa, kì í ṣe ìgò tí a fi ọ̀rá dí lẹ́nu. Gàrí ńkọ́? Láti 30 June 2018, ohun bí ìyẹ̀fun tó bá ju mílílítà 350 lọ, ìyẹn bí agolo mínírà kan, ni wọ́n ń fura sí nínú ẹrù ọwọ́ ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Bí wọn kò bá lè fi ẹ̀rọ wọn mọ ohun tó jẹ́, ẹ ó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Gàrí Ìjẹ̀bú àti èlùbọ́, inú àpótí náà ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò tún gbọ́. Owó ibodè tí wọn kò gbà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ti ìlú tí ẹ ti rà á ni. Bí ẹ bá kó iye tó jọ ọjà títà dé Ìkejà, àwọn aṣọ́bodè wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tiwọn. Ìlò ara ẹni nìkan ni ìyọ̀ǹda wà fún. Lójú tiwa, kì í ṣe òwò tó yẹ kéèyàn fi ẹ̀yáwó ṣe.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìyá wa. A fi oṣù mẹ́fà kún àkókò tí wọ́n máa fi san ẹ̀yáwó náà, èlé rẹ̀ kò yí padà. Àwọn oníbàárà wọn ti gbà láti dúró. Láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi ẹ̀yáwó rìnrìn àjò yóò kọ́kọ́ wá rí akọ̀wé kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá wa fi àpò tó fàya náà sílẹ̀ fún wa, rìsíìtì ṣì wà nínú rẹ̀. A ti kàn án mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, kí ẹ lè wá fojú yín rí bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́.