Akéde Ìlú àti Asọ̀rọ̀mágbèsì

Láyé àtijọ́, akéde kì í dédé pariwo láàárín ìlú. Bí ó bá lu agogo rẹ̀ tán, ẹni tó rán an ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ: ọba ni, tàbí baálẹ̀. Onílé tí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé lè pè é dúró kí ó bi í léèrè. Bí ó bá sì purọ́ mọ́ ọba, ìlú mọ ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrokò: ẹni tó gbà á mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́.

Nígbà tí Redifúṣọ̀n dé Èkó ní 1935, tí wáyà ń gbé ohùn wọ inú àpótí kékeré ara ògiri, orúkọ tí Yorùbá fún un ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Àwọn kan ka orúkọ yìí sí ẹ̀fẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Àléébù ẹ̀rọ náà gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ń bá ni sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bi í pé, "Ta ló rán ọ?"

Ní oṣù Kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí àìsàn Ẹ̀bólà wọ Èkó láti Làìbéríà, àhesọ kan gba orí tẹlifóònù alágbèéká káàkiri Nàìjíríà pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún, kí ilẹ̀ tó mọ́. Àhesọ yìí kò ní akéde. Ọmọ ló fi í ránṣẹ́ sí ìyá, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ohùn ẹni tí a fẹ́ràn ló gbé e wọlé, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà. Iyọ̀ ni wọ́n tún dárúkọ, iyọ̀ tí à ń fi sọmọ lórúkọ! Ta ni yóò fura sí i? Gbólóhùn "kí ilẹ̀ tó mọ́" kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè ronú. Ìjọba ní irọ́ ni, rédíò náà sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé ènìyàn méjì ti kú ní Jos nítorí iyọ̀ àmujù, tí àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí onílé lè bi léèrè lójúkojú, ni wọ́n wá àwọn tó súnmọ́ aláìsàn kàn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ̀bólà ti kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ènìyàn 20 ló kó o; 8 nínú wọn kú.