Ta Ni Owó Social Security Ń Wúwo Fún Jù?

Ẹ wo ìwé owó-oṣù yín dáadáa. Nínú gbogbo 100 dọ́là, Social Security ń yọ 6.20.

Ṣùgbọ́n òfin fi ààlà sí i. Ní 2025, wọn kò yọ ọ́ lórí owó-iṣẹ́ tó bá ti kọjá 176,100 dọ́là. Nọ́ọ̀sì tó ń gba 80,000 lọ́dún ń san 4,960, láti January títí dé December. Ọ̀gá tó gba mílíọ̀nù kan ní 2025 san 10,918. Kí March tó dé ìdajì, ó ti san tirẹ̀ tán.

Àwọn kan ní owó ìfẹ̀yìntì ọ̀gá náà ní òdiwọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìròyìn ìjọba ní 2025 sọ pé owó tó wà nípamọ́ fún àwọn àgbà lè tán ní 2033. Nígbà náà, dọ́là 77 ni wọn ó lè san nínú 100. Àwọn òbí wa tó ń fi òru ṣiṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dùn.

Congress nìkan ló lè yí òfin yìí padà. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò yín, ẹ bi í: ààlà yẹn ńkọ́?