Bí iléeṣẹ́ kan ní Sábó ṣe gba eré ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí aláìsàn

Bí dókítà bá ti sọ pé kí wọ́n lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí nìyẹn. Ọkọ tàbí àbúrò aláìsàn yóò gbéra, yóò máa ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, yóò máa bẹ̀bẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó yóò sì tún dá a dúró lójú ọ̀nà. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wá kiri ìlú wà ní báńkì ẹ̀jẹ̀ tí kò jìnnà sí wọn rárá. Wọn ò kàn mọ̀ ni.

Àìsí alárinà ló fa èyí, ibẹ̀ sì ni Temie Giwa-Tubosun gbà wọlé.

Ìlá-Ọ̀ràngún ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n bí obìnrin náà sí, Amẹ́ríkà ló ti kàwé. Ní 2012, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń rọ àwọn èèyàn láti máa fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Nígbà tó fi máa di 2016, ó ti rí i pé ẹ̀bẹ̀ nìkan kò lè ṣe é, ló bá bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ LifeBank ní CcHUB, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní òpópónà Herbert Macaulay ní Sábó, Yábàá, nílùú Èkó. Inú ilé yẹn náà ni Mark Zuckerberg tó ni Facebook yà sí láìròtẹ́lẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tó sì gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀.

LifeBank kì í gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mọ èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn báńkì ẹ̀jẹ̀. Bí ilé ìwòsàn bá pè, ì báà jẹ́ lóru, ẹni tó gbé ìpè yóò wá irú ẹ̀jẹ̀ náà rí, ọlọ́kadà yóò lọ gbé e, yóò sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn. Àfojúsùn wọn ni pé kó dé kíákíá. Owó iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà.

Ẹ má fojú kékeré wo àpótí tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà yẹn o. Inú òtútù ni ẹ̀jẹ̀ pupa gbọ́dọ̀ wà, láàárín ìwọ̀n 2 sí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oòrùn ọ̀sán Èkó kò mọ ìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo àpótí tó ń pa òtútù mọ́, tí wọ́n sì ń fi àgádágodo Bluetooth tì í kó má baà sí ẹlòmíràn tó máa ṣí i yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n gbé e fún. Ní 2019, wọ́n tún fi SmartBag kún un: àmì kan wà lára àpò ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì lè fi fóònù yẹ̀ wò láti mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti wá àti àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún un. Ní orílẹ̀-èdè tí ìbẹ̀rù kòkòrò HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sá fún ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò mọ orísun rẹ̀, èyí gan-an ni mo kà sí ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Eré lè mú kí oníbàárà pè lẹ́ẹ̀kan; ìfọkànbalẹ̀ ló ń jẹ́ kó tún pè.

Ọgbọ́n tí kálukú dá láti gbé ẹ̀jẹ̀ dé ilé ìwòsàn yàtọ̀ síra. Ní Rùwáńdà, iléeṣẹ́ Zipline bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sáwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko ní oṣù kẹwàá 2016, torí òkè àti ọ̀nà tó jìn. Ní Èkó, ọ̀kadà ló mọ bí a ṣe ń gba àárín ọkọ̀ kọjá.

Láti orí ẹ̀jẹ̀, LifeBank bọ́ sórí sílíńdà ọ́síjìn. Nígbà tí Kọ́rọ́nà dé ní 2020, òun àti NIMR, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, ṣí ibùdó àyẹ̀wò tí èèyàn lè wa mọ́tò wọ̀ láìsọ̀kalẹ̀. Wọ́n tún ṣe àkójọ ibi tí ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí wà káàkiri Nàìjíríà. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kọkànlá 2019, Giwa-Tubosun ti gba ipò kìíní nínú ìdíje oníṣòwò tí Jack Ma gbé kalẹ̀ ní Accra, pẹ̀lú ẹ̀bùn 250,000 dọ́là.

Síbẹ̀, ọlọ́kadà kò lè gbé ohun tí kò sí. Ẹbí ṣì ń sanwó, àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì tíì tó nǹkan. Bí ara yín bá le, tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 18, tí ẹ sì wúwo tó kílò 50, ẹ yà sí báńkì ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Ọkùnrin lè fún wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin.