Ọgbà ajá: kí ló kàn án ní Ìgbẹ́tì?

Bí ẹnì kan bá dábàá ní Ìgbẹ́tì pé kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runsògo sọgbà yí ilẹ̀ kan ká, kí ajá lè ríbi sáré láìsí okùn lọ́rùn, wọ́n á bi í pé okùn wo? Ajá tó sùn mọ́jú lẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀ lè ti dé ìdí Òkè Ìyámọ̀pó kí oòrùn tó mú, kó tibẹ̀ gba ọjà kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa bi í níbi tó ń lọ.

Síbẹ̀, irú ọgbà bẹ́ẹ̀ pọ̀ láwọn ìlú ńláńlá òkè òkun. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ ni Ohlone Dog Park ní Berkeley, ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1979. New York ṣí tirẹ̀ ní Tompkins Square lọ́dún 1990. Òfin okùn ló bí wọn. Ìjọba ti ní ajá kò gbọdọ̀ jáde láìsí okùn. Àwọn tó ń gbé fúláàtì, tí wọn ò ní àgbàlá, wá ń wá ibi tí ajá wọn á ti nasẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgbà náà ló sì ní àṣẹ tiwọn: ajá tí kò bá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò gbọdọ̀ wọlé.

Lọ́dọ̀ tiwa, igboro ni ajá ti lómìnira, inú igbó ni wọ́n ti dá a dúró. Láti 1991 tí ilẹ̀ tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà ti di Old Oyo National Park, ọdẹ àti ajá rẹ̀ kò láṣẹ àtiṣọdẹ níbẹ̀ mọ́.

Èmi ò bá òmìnira ajá jà. Abẹ́rẹ́ ni mò ń béèrè. Láti 1922 ni dìgbòlugi ajá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Britain, nítorí náà ẹni tí ajá bù jẹ ní London, ọgbẹ́ lásán ló ń tọ́jú. Níbí, ẹ̀mí lè bá a lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn náà ń pa lọ́dún, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn nínú ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Itọ́ ajá ni fáírọ́ọ̀sì náà ń bá wọ ojú ibi tó bù jẹ, yóò tọ iṣan lọ sínú ọpọlọ. Ó lè fara pamọ́ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ṣùgbọ́n tí aláìsàn bá ti ń sá fún omi, kò sí oògùn tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Kó tó dé ibẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo tàbí àgúnmu dí i.

Pípa ajá nípakúpa kì í tán àrùn yìí; òmíràn á wá rọ́pò. Oore kan tí a ní ni pé ọ̀pọ̀ ajá tó ń rìn kiri ló ní olówó. Ọmọ tó ń fún un lóúnjẹ lè pè é lórúkọ, kó dì í mú fún dókítà ẹran. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú bá gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kì í ríbi gbà mọ́. Wọ́n dán an wò ní N'Djamena, olú ìlú Chad, ní 2012 àti 2013, wọ́n sì kọjá ìdá 70 lọ́dún méjèèjì. Àrùn náà dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ajá tó ti ìta ìlú wá tó tún kó o wọlé.

Ìyẹn ni Ìgbẹ́tì nìkan kò ṣe lè dá a ṣe. Ajá ọdẹ kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀: bí Kíṣí àti Ìgbòho kò bá gún tiwọn láàárín oṣù kan náà, tí àwọn ará Kwara tó múlé tì wá náà kò sì ṣe é, owó abẹ́rẹ́ á kàn ṣòfò. Ọdọọdún sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gún un, torí ajá ń kú, wọ́n sì ń bímọ.